Wọ́n Ní Ẹ̀jẹ̀ Yín Ò Tó: Ẹ Béèrè Irú Èyí Tó Jẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lọ́kàn mi, mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, mi ò sì ní fepo bọyọ̀ níbẹ̀.

Láàárín àwa Yorùbá tó wà nílùú ọba yìí, bí ẹnì kan bá ti sọ pé ó ń rẹ òun, tí ojú ẹ̀ ṣì funfun, tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé kó má mí hẹlẹhẹlẹ, kíá la ti mọ ohun tó ń ṣe é: "Ẹ̀jẹ̀ ẹ ò tó ni." Ó parí. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ohunkóhun mọ́. Àǹtí á ní kó lọ ra bọ́lọ́ọ̀dù tọ́níìkì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Peckham. Ìyá ọkọ á ní kó máa fún omi ewé ugu mu, kó da mílíìkì sí i. Ẹlòmíì á ní mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ni. Ọ̀rẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì á yọ páálí oògùn áyọ́ọ̀nù kan nínú báàgì ẹ̀. Mi ò bú ẹnikẹ́ni nínú wọn o, ìfẹ́ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oògùn áyọ́ọ̀nù yẹn sì máa ń ṣiṣẹ́, torí àìtó áyọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń pọ̀ jù tàbí tí wọ́n ní fáíbírọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi ọdún mẹ́wàá gbé áyọ́ọ̀nù mì, kò ní gbọ́. Kó má gbọ́ nìkan kọ́, ohun míì á máa bàjẹ́ lábẹ́nú nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúró kó gbọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú irú èyí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ò kéré, ńṣe ló tóbi jù.

Ẹ jẹ́ ká fi àkàrà ṣàlàyé ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbé ọ́síjìn kiri inú ara wa. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe é, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í sì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ kó tó gbó, torí náà ojoojúmọ́ ni iná gbọ́dọ̀ máa jó lábẹ́ agbada. Tí áyọ́ọ̀nù ò bá tó, ó dà bí ìgbà tí ẹ̀wà lílọ̀ ò tó: àkàrà á kéré, àwọ̀ ẹ̀ á sì ṣì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fítámì B12 tàbí folate ni kò tó, ẹ̀wà wà, epo wà, ọwọ́ tó ń bù ú sínú epo ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn fítámì méjèèjì yìí ni ara ń lò láti kọ DNA, ìyẹn ìwé tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ kó tó lè pín sí méjì. Tí ẹ̀dà yẹn ò bá parí, sẹ́ẹ̀lì á kàn máa sanra ni, kò ní lè pín. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni àkàrà gbàǹgbà-gbàǹgbà, mélòó kan péré, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fọ́ sínú epo. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá yìí ló ń kú sínú mùdùnmúdùn kí wọ́n tó jáde rárá.

Lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní full blood count, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MCV sí. Òun ló ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi tó. Fún àgbàlagbà, láàárín 80 sí 100 ló sábà máa ń wà. Tó bá wà nísàlẹ̀ 80, sẹ́ẹ̀lì ti kéré jù. Tó bá ti kọjá 100, ó ti tóbi jù, ó sì yẹ kí dókítà sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé yẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé "Dókítà ní ó dáa" la máa ń sọ, a ò mọ ohun tó dáa níbẹ̀.

Folate àti B12 yìí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti wá ò jọra. Inú ewé ni folate pọ̀ sí, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, àti ẹ̀wà pẹ̀lú. Orúkọ ẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tó túmọ̀ sí ewé ni wọ́n ti mú un. Ara ò lè tọ́jú ẹ̀ pẹ́, nǹkan bí oṣù mẹ́rin lásán ni èyí tó wà nípamọ́ fi máa ń tán. B12 ní tiẹ̀, inú ohun ẹlẹ́mìí ló wà: ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹyin, mílíìkì. Ewé kankan ò ní in tó ṣeé gbára lé. Ẹ̀dọ̀ inú ara wa lè tọ́jú ẹ̀ fún ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà míì ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí àìtó ẹ̀ fi máa ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé. Ẹni tí kò rí i gbà mọ́ láti ọdún 2022 lè má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun títí di ọdún 2025.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì ń sọ lọ́kàn báyìí: "Èmi tí mo ń jẹ ẹran lójoojúmọ́, báwo ni B12 ṣe máa tán lára mi?" Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Àmọ́ kéèyàn jẹ ẹ́ kò túmọ̀ sí pé ara gbà á. Nínú ikùn wa, nǹkan kan wà tí ikùn ń ṣe, intrinsic factor ni wọ́n ń pè é, òun ló máa di B12 mú, tó máa fà á lọ́wọ́ dé ìparí ìfun kékeré, kó tó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tí ikùn ò bá ṣe é mọ́, ẹ̀ báà jẹ odidi màlúù, inú ìgbẹ́ ló ń gbà lọ. Ara àwọn kan máa ń dojú ìjà kọ ikùn tara wọn títí ikùn ò fi ní lè ṣe intrinsic factor mọ́. Pernicious anaemia ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ikú ni àìsàn yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní Boston, lọ́dún 1926, ni George Minot àti William Murphy fi hàn pé àwọn tó ní in ń gbádùn tí wọ́n bá ń jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran tó pọ̀ gan-an lójoojúmọ́, ìyẹn sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn lọ́dún 1934, àwọn àti George Whipple. Wọn ò tíì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ yẹn o. Ọdún 1948 ni wọ́n tó yọ B12 fúnra ẹ̀ jáde.

Ibi tó kàn wá gan-an rèé. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà ni pé àìsàn àwọn arúgbó òyìnbó ni pernicious anaemia, àwọn onírun funfun olójú búlúù láti apá àríwá Yúróòpù. Àmọ́ lọ́dún 1978, àwọn olùwádìí ní Los Angeles gbé e jáde pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú náà ń ní in, pé ó sì ń mú wọn ní kékeré ju àwọn òyìnbó lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí obìnrin Yorùbá ẹni ọdún méjìlélógójì wọlé síwájú dókítà pé ó ń rẹ òun, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù, tàbí ìdààmú ọkàn, tàbí nǹkan oṣù. Mi ò sọ pé ìkórìíra ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwòrán tí dókítà ní lọ́kàn nípa àìsàn yìí ò jọ wá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó sì ní fún wa ò tó láti fi yí àwòrán padà. Ó yẹ ká ràn án lọ́wọ́ ni.

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn tó ń lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe, alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n ní kò tó, wọ́n fún un ní áyọ́ọ̀nù. Oṣù mẹ́ta, kò gbọ́. Wọ́n tún fún un. Bó ṣe ń lò ó lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní bí òun bá tẹ ilẹ̀, ńṣe ló ń dà bíi pé orí fóòmù lòun ń rìn. Ahọ́n ẹ̀ ń dán, ó pọ́n, kò lè jẹ ata mọ́, obìnrin Ìjẹ̀bú tí kì í jẹun tí kò bá ta. Ẹyinjú ẹ̀ pọ́n bíi ti oníbà, àwọn kan ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Oríkèé ìka ọwọ́ ẹ̀ wá ń dúdú sí i. Ó ń gbàgbé nǹkan, inú sì ń tètè bí i. Kí lẹ rò pé àwọn ará ilé sọ? Wọ́n ní ìyàwó tí ọkọ ẹ̀ fẹ́ nílé ló tẹ nǹkan sílẹ̀ fún un tó gbà á kọjá. Gbogbo owó tó yẹ kó fi wọ ọkọ̀ lọ rí dókítà, ọ̀nà ìsọjí ló gbà. Ọdún kan àtoṣù mẹ́rin kọjá kí nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Gánà, tó wo ìwé ẹ̀ tó sọ pé, "MCV yín ju 110 lọ, ta ló ń fún yín ní áyọ́ọ̀nù?" Ìgbà tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ B12, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí agbára bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti dáa báyìí. Ẹsẹ̀ ni kò padà tán. Ó ṣì máa ń di nǹkan mú nínú òkùnkùn.

Ẹsẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. B12 ló ń jẹ́ kí ara lè tọ́jú ìbòrí tó wà lára àwọn okùn tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, bí ike tó wà lára wáyà iná. Tí B12 bá tán, ike yẹn á bó. Tí wọ́n bá tètè rí i, ó máa ń ṣe é tún ṣe. Tó bá pẹ́, èyí tó bá bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ á padà, ẹsẹ̀ lè má padà. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, ẹ yẹ B12 wò. Àdúrà ò ní kí ẹ má ṣe àyẹ̀wò. Tó bá jẹ́ pé ọ̀tá náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, á ṣì wà níbẹ̀ tí èsì àyẹ̀wò bá dé.

Ewu kan wà tí mo fẹ́ tẹnu mọ́, torí ó wà nínú ilé ọ̀pọ̀ wa láìmọ̀. Folic acid, ìyẹn folate tí wọ́n fi ṣe oògùn, kì í wọ́n ní ilé Yorùbá. Ẹni tó jẹ́ SS ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, torí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tiwọn ń tètè fọ́, mùdùnmúdùn ń sáré ṣe òmíràn, folate sì ń tán. Ó tún wà nínú ọ̀pọ̀ bọ́lọ́ọ̀dù tọ́níìkì tá à ń rà. Tó bá jẹ́ B12 ni kò tó lára èèyàn, tó wá ń lo folic acid nìkan, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á dáa. Sẹ́ẹ̀lì á padà sí bó ṣe yẹ. Àárẹ̀ á fúyẹ́. Gbogbo wa á dúpẹ́. Àmọ́ ìbòrí okùn ara ń bó lọ ní tiẹ̀, kò sì sí ohun tó máa ké gbàjarè mọ́, torí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó tú àṣírí ti dákẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n máa bínú sí tọ́níìkì tí wọ́n ń tà láìbéèrè ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó jẹ́ májèlé, ó lè bo iná mọ́lẹ̀ nígbà tí ilé ṣì ń jó ni. Ẹ má fi folic acid tàbí tọ́níìkì kankan wo àìtó ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó yẹ B12 yín wò. Ẹ má sì sáré ra B12 lọ́jà kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò, torí ó lè da èsì rú.

Mi ò sọ pé kí ẹni tí dókítà fún ní folic acid dá a dúró o! Aláboyún, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ní Bìrìtìkó ni pé kí obìnrin tó ń retí oyún máa lo 400 máíkírógíráàmù folic acid lójúmọ́ kó tó lóyún títí ọ̀sẹ̀ kejìlá oyún á fi pé. Ẹni tó jẹ́ SS, tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń lo oògùn wárápá kan, tàbí tó ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ò pa dé rí, mílígíráàmù márùn-ún ni tiẹ̀, ìwé dókítà ló sì fi ń gbà á. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa ń pa dé kí oṣù kan oyún tó pé, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ìdí nìyẹn tí "màá bẹ̀rẹ̀ tí mo bá forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù" fi ti pẹ́ jù. Ohun míì tún ni pé àwọn ìyá wa á sọ pé kí aláboyún máa jẹ ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè pọ̀. Ẹ̀dọ̀ dáa fún ẹlòmíì, àmọ́ fítámì A tó wà nínú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ inú, NHS ò fẹ́ kí aláboyún jẹ ẹ́.

Obìnrin ló kọ́kọ́ já ọ̀rọ̀ folate yìí, ó sì yẹ ká mọ orúkọ ẹ̀. Lucy Wills, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Bombay ní Íńdíà lọ́dún 1928 láti wo ìdí tí ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ fi ń gbẹ, tí sẹ́ẹ̀lì wọn sì tóbi. Lọ́dún 1931 ó kọ ọ́ jáde pé ohun tí wọ́n ṣe láti ara ìwúkàrà ń wò wọ́n sàn, irú Marmite tí àwọn ọmọ yín ń fi sára búrẹ́dì. Nílé náà, ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí àwọn aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó, wọ́n sì rí bí ibà àti àìtó folate ṣe jọ ń rìn: ibà ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ara ń sáré ṣe òmíràn, folate ń tán. Ọ̀rọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Bìrìtìkó wá ṣe nǹkan kan tí mi ò lè ṣàìsọ. Àwọn olùwádìí tí wọ́n darí iṣẹ́ náà láti ìlú yìí ló fi hàn lọ́dún 1991 pé folic acid ń dín àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ kù ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún àwọn ìyá tó ti bí irú ẹ̀ rí. Amẹ́ríkà gbà á, wọ́n sọ ọ́ di dandan nínú ìyẹ̀fun láti January 1998. Kánádà náà ṣe tiẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìlú tí iṣẹ́ ti wá ń jiyàn lọ ní tiẹ̀. Ọdún 2021 ni ìjọba tó ní àwọn á ṣe é, 2024 ni òfin tó jáde, wọ́n sì fún àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun láyè títí di December 2026. Mélòó la ti bí láàárín ìgbà yẹn? Òfin náà dáa, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí àwa má sùn lé e. Ìyẹ̀fun wíìtì funfun ni òfin ń sọ. Ilé tó jẹ́ pé ìrẹsì, ẹ̀bà, iyán àti àmàlà ni wọ́n ń jẹ látọjọ́ Mọ́ńdè dé Sátidé, tí búrẹ́dì jẹ́ ohun tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹ̀fun yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn tó. Àwọn ìyàwó wa ṣì gbọ́dọ̀ lo oògùn wọn.

Ẹ̀fọ́ wa ńkọ́? Ẹ̀fọ́ wa dáa gan-an, bá a ṣe ń sè é ni mo ní ẹjọ́ sí. Folate máa ń yòrò sínú omi, iná sì máa ń bà á jẹ́. Àwa á gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, a ó bọ̀ ọ́, a ó fún omi ẹ̀ nù títí á fi gbẹ bí aṣọ tó fẹ́ sá, a ó tún wá dà á sínú ata tó ń hó fún ogún ìṣẹ́jú. Adùn wà, folate ti bá omi lọ sínú síńkì. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan á bá mi jà lórí èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi jà.

Àwọn wo ló yẹ kó wo B12 wọn? Ẹni tó ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ ni mo máa kọ́kọ́ pè, torí wọ́n pọ̀ láàárín wa. Lọ́dún 2022, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Bìrìtìkó kéde pé kí B12 lọ sílẹ̀ jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀ fún ẹni tó ń lo metformin, pàápàá tó bá pọ̀ tó sì pẹ́. Kí àtọ̀gbẹ ẹsẹ̀ máa ta èèyàn, kí wọ́n ní ṣúgà ló fà á, kó sì jẹ́ pé B12 náà wà níbẹ̀, ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má dá metformin dúró o, ẹ kàn ní kí wọ́n yẹ B12 yín wò. Ẹni tó ti ń lo omeprazole fún ọgbẹ́ inú tàbí ìkùnra fún ọdún pípẹ́ náà, ẹni tí wọ́n ti gé ikùn ẹ̀ kúrú kó lè fọn, àwọn àgbàlagbà wa, àti àwọn ọmọ wa ní yunifásítì tí wọ́n ní àwọn ò jẹ ohun ẹlẹ́mìí mọ́. Ẹ má bá àwọn ọmọ yẹn jà, ẹ ra B12 fún wọn. Ọtí àmujù ní tiẹ̀ ń sọ sẹ́ẹ̀lì di ńlá, ó sì ń jẹ folate.

Àwọn ọ̀dọ́ kan sì wà tí wọ́n ń fa gáàsì inú bálúùnù, nitrous oxide, èyí tẹ́ ẹ máa ń rí ìgò irin fàdákà kékeré ẹ̀ nílẹ̀ lẹ́bàá títì. Gáàsì yẹn ń pa agbára B12 tó wà lára, ó sì ti sọ àwọn ọmọ ogún ọdún di ẹni tí ò lè rìn dáadáa. Láti November 2023 ló ti di oògùn olóró lójú òfin níbí. Ẹ bi àwọn ọmọ yín, ẹ má rò pé ọmọ ẹlòmíì ni.

Ọ̀rọ̀ dókítà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí wọ́n má baà fi MCV tàn yín. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, alpha thalassaemia, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí mọ́ ara láìsí wàhálà. Ó máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kéré. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ní àìtó B12, èyí tó ń fà á tóbi àtèyí tó ń fà á kéré á pàdé láàárín, MCV á wá jókòó sí 90 bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tí áyọ́ọ̀nù àti B12 bá jọ tán pa pọ̀. Lódìkejì, ẹni tó jẹ́ SS tó ń lo hydroxyurea, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ máa ń tóbi nítorí oògùn yẹn, kì í ṣe pé fítámì kankan tán. Nítorí náà MCV ń tọ́ka ni, kò dájọ́. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn dókítà ní England, kọ ọ́ sínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní March 2024 pé kí dókítà má sọ pé B12 ò dínkù torí pé ẹ̀jẹ̀ tó tàbí torí pé sẹ́ẹ̀lì ò tóbi. Wọ́n tún ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún ẹni tó bá ní àmì kan, tó sì ní ohun kan tó lè fà á. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Ẹsẹ̀ ń ta mí, metformin ni mò ń lò, mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ B12 mi wò." Kò sí ìjà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìwé tiwọn ni.

Tí wọ́n bá rí i pé ikùn ò gbà á mọ́, abẹ́rẹ́ ni, ó sì lè jẹ́ títí ayé. Ìlànà tó wọ́pọ̀ níbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ gún un léraléra fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ní oṣù méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn tó ní àìsàn yìí ò gbàgbé ọdún 2020, nígbà tí àìsàn kòrónà dé tí ọ̀pọ̀ ilé dókítà dá abẹ́rẹ́ wọn dúró. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ilé fún òkú tàbí ìgbéyàwó, tí ẹ máa lo oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó gún yín nígbà tó súnmọ́ ọjọ́ ìrìnàjò, kó sì kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà, hydroxocobalamin, àti ọjọ́ tí èyí tó kàn bọ́ sí fún yín sínú ìwé, kí dókítà tó máa gún yín nílé má baà ro pé áyọ́ọ̀nù lẹ ń béèrè.